Ẹ Tẹ Ìkéde Yín, Ẹ Yé Gbé Fọ́tò Rẹ̀ Sórí Ìkànnì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń bójú tó ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pé kí wọ́n yé gbé fọ́tò ìkéde Yorùbá síta. Lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán lásán ni. Ẹni tó ń wá a lórí Google lè má rí i. Ẹni tí kò ríran, tí fóònù ń kàwé sí létí, lè má gbọ́ nǹkan kan. Ìkéde tí kò ní ju kílóbáìtì 3 lọ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, fọ́tò rẹ̀ lè jẹ 300 nínú dátà èèyàn.

Mo mọ̀ pé àmì ló ń lé wọn sá sídìí fọ́tò. Àwọn mìíràn a tẹ e àti o, wọn a wá fa ìlà sí i nídìí. Ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé orí WhatsApp báyìí, ìlà á jábọ́, "ọkọ" á di "oko". Bẹ́ẹ̀ Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ti ní ẹ, ọ àti ṣ gidi, wọ́n sì wà lórí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, bí a bá yan Yorùbá. Ibi tó ti le ni ẹ́ àti ọ̀: kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn, àmì ohùn la ń tẹ̀ lé lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí kò dáa fi ń ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tẹ "ẹ̀ṣẹ̀" àti "ọ̀pọ̀lọpọ̀", kí ẹ wò wọ́n lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Bí àmì bá yẹ̀, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì. Noto Sans ń gbé e dáadáa.

Ọ̀rọ̀ inú ìkéde fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọn a kí ọba, kí ìjòyè, kí alága, kí wọ́n tó sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ̀. Ojú fóònù kéré. Ìyá ọlọ́mọ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mú káàdì ọmọ dání." Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀ fún ọba, ìkíni lè wá lẹ́yìn.

Níbi tí fọ́ọ̀mù bá wà, ẹ má kọ "ẹ tẹ ibí". Ẹni tó ń fi etí ka ìkànnì lè ní kí fóònù ka ìlíǹkì nìkan fún òun. "Ẹ tẹ ibí" mẹ́ta tó tẹ̀ léra kò sọ nǹkan kan fún un. "Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ọmọ" ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn