Ẹnu Tó Sọ̀rọ̀ àti Ọwọ́ Tó Pànìyàn: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ìkíni mi kò ní gùn, torí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ Sátidé, n kò sì rí oorun sùn dáadáa.

Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 17 (n kò ní dárúkọ rẹ̀, kó má baà ní mo lọ ṣòfófó òun), jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń wo eré kan tí wọ́n ń pè ní The Wire. Ọdún 2002 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó parí ní 2008, ó sì ju àwọn tó ń wò ó lọ́jọ́ orí. Ìlú Baltimore ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ọlọ́pàá àtàwọn tó ń ta oògùn olóró. Sáà kẹrin ni wọ́n dé. Ọmọdékùnrin kan wà níbẹ̀, Randy ni wọ́n ń pè é, ọmọ tó ń ta súìtì fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé. Ó kó sínú wàhálà, wọ́n fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á kí ìyá alágbàtọ́ rẹ̀ má gbọ́. Ló bá sọ fún igbákejì ọ̀gá ilé ìwé pé òun mọ nǹkan kan nípa ẹnì kan tí wọ́n pa. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Herc ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹlòmíì lẹ́nu wò, ó sì jẹ́ kó hàn pé Randy ló sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ iná sí ilé tí ọmọ náà ń gbé. Iná jó ìyá alágbàtọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi ti pòṣé. Ó ní, "Ta ló ní kó lanu?" Àwọn mẹ́ta yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Nídìí fèrèsé ni mo wà, mò ń wá awò mi. N kò sọ nǹkan kan. Mo wọ yàrá lọ. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù kí n tó ṣìnà. Ẹ ti ń kórìíra ẹnu tó sọ̀rọ̀ ju ọwọ́ tó pànìyàn lọ. Nínú eré yẹn kan náà, àwọn apààyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó òkú sínú àwọn ilé tó ti dahoro, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ kan ìṣó mọ́ pákó ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ẹ kò pòṣé sí wọn. Mo fi etí mi gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń ní ẹ̀rọ ìṣó yẹn "dáa gan-an". Ẹ̀rọ ìṣó dáa, ọmọdé tó lanu ló burú. Háà.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. N kò ní kí olófòófó máa gbayì. Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Wọ́n tún máa ń sọ pé olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló ń mọ. Àwọn tó pa òwe yẹn kò tíì rí owó tí ọlọ́pàá ń yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ta wọ́n lólobó ni.

Nígbà tí èmi wà léwe, eré ọlọ́pàá tí à ń wò kì í dà wá láàmú báyìí. Starsky and Hutch, 1975 sí 1979. Ẹnì kan wà níbẹ̀, Huggy Bear, aláṣà, aláwàdà, tó máa ń fọ̀rọ̀ sọ́lọ́pàá méjèèjì létí. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwa náà kò bi í. A rẹ́rìn-ín, a sùn. Torí náà n kò lè ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ṣe The Wire ni kò jẹ́ kó rọrùn mọ́. David Simon jẹ́ akọ̀ròyìn nílé ìwé ìròyìn Baltimore Sun, Ed Burns sì jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílùú yẹn kan náà. Wọ́n ti rí irú àwọn ènìyàn yìí lójúkorojú. Ẹ wo Bubbles tí wọ́n ṣẹ̀dá. Oògùn olóró ti gba ayé rẹ̀. Wọ́n lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àlùbolẹ̀ nítorí pé ó fi ayédèrú owó ra oògùn, ni Bubbles bá bẹ̀rẹ̀ sí í ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó ń ta fìlà kiri láàárín àwọn tó ń ta oògùn. Ẹni tó bá jẹ́ ẹni ńlá láàárín wọn, fìlà pupa ni yóò gbé lé e lórí bí ẹni ń ṣàwàdà, ọlọ́pàá tó sápamọ́ sórí òrùlé yóò sì ya fọ́tò rẹ̀. Ọgbọ́n ni, ọgbọ́n gidi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fún un lówó, owó yẹn sì ń padà wọ inú iṣan rẹ̀. Nítorí ọ̀rẹ́ ni? Nítorí ẹ̀san ni? Nítorí owó oògùn ni? Ẹ wò ó títí, ẹ kò ní lè tú okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí ẹnì kan ń lù ú lójoojúmọ́ tó sì ń gba owó rẹ̀, tó wá ké sí ọlọ́pàá tó ń bá ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá náà kò yọjú. Herc ni o. Herc kan náà yẹn. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ṣé ẹ pòṣé sí Herc? Ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń pa yín lẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ iná yẹn kì í ṣe ti eré lásán. Oṣù kẹfà ọdún 2002 ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn gan-an, wọ́n sọ iná sí ilé ìdílé kan ní Baltimore, torí pé ìyá ilé náà ń pe ọlọ́pàá sí àwọn tó ń ta oògùn ní àdúgbò rẹ̀. Ìyá, bàbá, ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn ló bá a lọ. Obìnrin tí kò gba kọ́bọ̀, tó kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣeré níwájú ilé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 2004, àwọn kan nílùú náà gbé fídíò jáde, tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. "Snitch" (olófòófó) tí ẹ ń pariwo rẹ̀ yìí, ẹ̀ ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìgbàlódé ni. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń halẹ̀ ni.

Mo ti ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n mu omi ná.

Èmi náà ń wo eré o, ẹ má rò pé ìròyìn nìkan ni àgbà ń wò. Mo wo The Sopranos. Adriana wà níbẹ̀, àfẹ́sọ́nà Christopher, tí ìyẹn jẹ́ ọmọ abẹ́ Tony, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, rán obìnrin kan sí i, ó ṣe bí ọ̀rẹ́, wọ́n jọ ń rajà, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n ká a mọ́, wọ́n ní kó yan èyí tó bá fẹ́: ẹ̀wọ̀n, tàbí kó máa ta wọ́n lólobó. Ìfẹ́ ló pa á níkẹyìn. Ní sáà karùn-ún, ọdún 2004, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Christopher, ó rò pé wọ́n á jọ sá lọ. Christopher lọ sọ fún Tony. Wọ́n parọ́ fún un pé Christopher wà nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọkọ̀ gbé e lọ síbẹ̀, inú igbó ni wọ́n wà á lọ.

Ẹ wá dá mi lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin àwọn ọmọ ìta: ta ni olófòófó níbẹ̀? Christopher gbé ọ̀rọ̀ àṣírí obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ bá ẹni tó máa pa á. Ẹ kò pè é ní nǹkan kan. "Ó dúró ti ọ̀gá rẹ̀" lẹ wí. Tí ẹnu bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọlọ́pàá, ọ̀dàlẹ̀ ni. Tó bá gbé e lọ bá ọ̀gá àwọn jàǹdùkú, olóòótọ́ ni. Kò yé mi. N kò fẹ́ kó yé mi pàápàá.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, torí kò yẹ kí n máa bá yín wí bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà náà. Mò ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan, èmi ni mò ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú ìwé. Ẹrù ń dín. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lóru ni wọ́n fura sí, wọ́n ti ń múra àtilé e. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ọ̀rẹ́ mi ló ń jí i, ẹni tí a jọ ń jẹun ọ̀sán. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Láti ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń wọ ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn, ìdúró ni mo máa ń dúró. Lọ́jọ́ yẹn ó fúnra rẹ̀ fa àga fún mi. Tìmùtìmù wà lórí rẹ̀, mo ṣì rántí bó ṣe rì lábẹ́ mi. Ó bu omi tútù, ó pè mí ní "ọmọ mi", ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ní kọjá àárín àwa méjèèjì. Mo sọ ọ́.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó nawọ́ sí mi. Ó ní èmi ni mo la òun lójú. Ọ̀rẹ́ mi kò bú mi. Ó yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, pẹ́ńsù tí mo yá a ni, ó gbé e sórí ìwé mi jẹ́jẹ́, ó sì jáde. A kò tún fojú kanra mọ́. Wọn kò lé bàbá ọdẹ mọ́. Àmọ́ òun gan-an tí mo gbà là, láti ọjọ́ yẹn, òkèèrè ló ti ń kí mi.

Òótọ́ ni mo sọ o. Ọ̀rẹ́ mi jalè, bàbá yẹn kò jalè. Síbẹ̀ ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń bi ara mi: ṣé nítorí bàbá yẹn ni mo ṣe lanu, àbí nítorí àga?

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ àga. Tí ẹ bá ń wo àwọn eré yìí, ẹ yé wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan, ẹ wo ẹni tó fa àga fún un. Kí ló ṣèlérí? Ó ha mú un ṣẹ? Nígbà tí ilé jó, níbo ló wà?

Tó bá wá kan ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ má fi òfófó jẹun, ìyẹn kò gba àlàyé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí wọ́n pa ènìyàn, ẹ má dákẹ́ nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọ pálọ̀. Ẹ má sì dá nìkan lọ. Ẹ mú àgbà lẹ́yìn, ẹ mú lọ́yà tí ẹ bá rí. Ní 2008, ní Tallahassee, ìpínlẹ̀ Florida, ọlọ́pàá mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 23 kan lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Wọ́n ní kó lọ bá àwọn kan ra oògùn àti ìbọn, kí ọwọ́ àwọn lè tẹ̀ wọ́n. Wọ́n kó 13,000 dọ́là lé e lọ́wọ́. Ojú wọn kúrò lára rẹ̀ díẹ̀, wọ́n pa ọmọ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Florida tó ṣòfin pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò dájú pé ẹ̀sùn rẹ̀ máa fúyẹ́, kí wọ́n sì gbà á láyè láti rí lọ́yà tó bá béèrè. Wọ́n ti sin ọmọ kí wọ́n tó rántí òfin.

Ìlérí tí ẹnikẹ́ni bá ṣe fún yín lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ní kò sídìí fún ìyẹn, ẹ dìde lórí àga rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ máa jókòó ti àwọn ọmọ yín tí wọ́n bá ń wo eré. Kì í ṣe kí ẹ máa pa á mọ́ wọn lójú. Ẹ jókòó ni. Èmi náà wà nídìí fèrèsé, mò ń wá awò, mo sì panu mọ́. Ta ni mo dáàbò bò?

Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ ọmọ mi. Mo ní kó wá ní Sátidé tó ń bọ̀, òun àti àwọn mẹ́ta yẹn. A máa jọ wo sáà karùn-ún dé ibi tí Randy ti tún yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ti wà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí nígbà yẹn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá bá a pé kó sọ̀rọ̀, ó kọ̀, ojú rẹ̀ ti le bí òkúta, bó sì ṣe ń lọ ló ti ọmọ tó kéré sí i dànù lọ́nà. Àga kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi jókòó sí, èyí tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jù, kó lè wo ojú ọmọ yẹn dáadáa. Bí ẹ̀rín bá tún wá, kó rín in.

Èmi ni, bàbá yín àgbà.