Àdánwò Ìsopọ̀ Ọkọ̀ Nítòsí Ayé Kì í Ṣe Ìfàkókò-ṣòfò

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìrìnàjò ènìyàn sí òṣùpá, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé ìfàkókò-ṣòfò ni kí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tún máa dán ìsopọ̀ ọkọ̀ òfuurufú méjì wò nítòsí ayé nínú Artemis, ètò tí wọ́n fẹ́ fi gbé ènìyàn padà sí òṣùpá, nígbà tí ọmọ ènìyàn ti tẹ ilẹ̀ òṣùpá láti ọdún 1969. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kékeré balẹ̀ sórí òṣùpá, tí ọkọ̀ ńlá tí yóò gbé e wálé sì ń yí òṣùpá po lókè, kò ní ọ̀nà àbọ̀ ìrọ̀rùn mìíràn ju kí ọkọ̀ méjèèjì pàdé, kí wọ́n sì so mọ́ra.

Ohun tó mú un le ni pé eré òfuurufú kò rí bí eré orí ilẹ̀. Awakọ̀ tó bá fẹ́ lé ọkọ̀ iwájú bá, epo ni yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ méjì bá jọ ń yípo ní ipa kan náà lófuurufú, tí èyí tó wà lẹ́yìn sì fi kún eré rẹ̀, ńṣe ni yóò gòkè sí ipa tó ga jù, níbi tí yíyípo ti ń pẹ́, yóò sì túbọ̀ máa rẹ̀yìn. Ó ní láti dín eré kù, kí ó sọ̀kalẹ̀ sí ipa ìsàlẹ̀ tí yíyípo ti yá, kí ó tó wá gòkè padà ní àsìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. James McDivitt, ọ̀gá Gemini 4, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan, fojú ara rẹ̀ rí i ní oṣù kẹfà ọdún 1965: bí ó ṣe ń darí ọkọ̀ sí ara rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wọn gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí i, epo sì ń tán lọ, títí wọ́n fi pa ìgbìyànjú náà tì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1966, Neil Armstrong àti David Scott so Gemini 8 mọ́ Agena, ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ìsopọ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké ọkọ̀ wọn kọ̀ tí kò kú mọ́, tí ọkọ̀ sì ń pòòyì bí ìgbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ayé wà nítòsí, wọ́n balẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

McDivitt yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá Apollo 9, ọ̀kan nínú àwọn ìrìnàjò ètò Apollo tó gbé ènìyàn dé òṣùpá, ní oṣù kẹta ọdún 1969. Nítòsí ayé níbí ni òun àti Russell Schweickart ti gbé ọkọ̀ tí a ṣe fún bíbalẹ̀ sórí òṣùpá jìnnà ju 150 kìlómítà lọ sí Scott tó dúró nínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì padà wá so mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò lè wọ afẹ́fẹ́ ayé kó má jóná. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni Apollo 11 balẹ̀ sórí òṣùpá. Ibo ni ìfàkókò-ṣòfò wà níbẹ̀?

Àṣeyọrí yẹn kò sì sọ iṣẹ́ náà di kékeré. Nígbà tí Apollo 14 ń lọ sí òṣùpá ní ọdún 1971, ìgbà márùn-ún ni Stuart Roosa, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, ki ọ̀pá orí ọkọ̀ rẹ̀ bọ ihò orí ọkọ̀ kékeré tí yóò balẹ̀, tí àwọn ìkọ́ kéékèèké ẹnu ọ̀pá náà kò di nǹkan mú. Ní ìgbà kẹfà, ó ti ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ pinpin, ó fa ọ̀pá náà sẹ́yìn, àwọn ìkọ́ ńlá méjìlá tó yí ẹnu ọ̀nà ká sì há gbọn-in. Bí ó bá jẹ́ nígbà àbọ̀ ló kọ̀ jálẹ̀ ni, Alan Shepard àti Edgar Mitchell, àwọn méjì tó balẹ̀ sórí òṣùpá, ì bá ní láti gba ìta wọ inú ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú aṣọ òfuurufú lọ́rùn.

Ti ètò Artemis tún le jù bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ Apollo fi ń yí òṣùpá po lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ipa tí NASA kọ́kọ́ yàn fún Artemis gba nǹkan bíi ọjọ́ mẹ́fà ààbọ̀, ọkọ̀ a sì máa jìnnà tó bíi 70,000 kìlómítà sí òṣùpá. Ìsopọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ọkọ̀ tuntun ṣe níbi tí wọ́n ti lè sáré balẹ̀ bíi ti Gemini 8, n kò rí ìdí tí a fi ní kọ́kọ́ lọ dán an wò níbi tí ọ̀nà ilé ti gba nǹkan bíi ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín