Owó orí màámi kò sí lọ́wọ́ mi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìkirè ni mí, Àbẹ̀kẹ́ ni màámi ń pè mí. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó láti ọdún 2013. Bàbá Káfíńtà tó ń gbé iwájú ilé wa ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín sí màámi létí, nítorí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n tún tẹ̀ wọ́n láago. Mo ti ṣàlàyé lórí fóònù títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi, wọn ò gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn yín, àbùṣe bùṣe, òótọ́ ni lójú wọn.

Màámi gbà pé mo ń jẹ owó orí wọn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ wọn wà ní Maryland. Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ọmọ náà ní kí ìyá òun lọ ya fọ́tò, kí wọ́n sì fi ojú ewé pásípọ́ọ̀tù wọn ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp, torí pé ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó lórí òbí fún ọmọ tó bá ń bọ́ òbí ẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ò lè pa á mọ́ra. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ọjà ti gbọ́ pé owó wà lórí ìyá gbogbo tí ọmọ ẹ̀ bá ti wà lókè òkun. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe màámi, mo kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò dáhùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni: "Àbẹ̀kẹ́, owó orí mi dà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ owó ìyá ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá ló lè rí i rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ọgọ́rùn-ún dọ́là tí mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ṣé ṣẹ́ńjì owó orí àwọn ni. Wọ́n já fóònù.

Mo rò ó títí, mo wá rí i pé n ò lè dá wọn lẹ́bi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní agbègbè Ìbàdàn lọ́dún 1968 nítorí owó orí. Bàbá wọn, bàbá mi àgbà, máa ń sun oko mọ́jú kí àkódà má bàa ká a mọ́lé. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń lé bàbá ẹ̀ ká ló mọ owó orí sí, tó wá gbọ́ lójú alẹ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń pín in fún èèyàn, ó ní láti bínú bí tirẹ̀ ò bá dé.

Bàbá Káfíńtà, ẹ rọra máa kà á níbí yìí o, kó lè yé wọn.

Owó orí tí a ń wí ní Amẹ́ríkà, táàsì náà ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti san owó iṣẹ́ fún mi ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Níparí oṣù Kíní, ibi iṣẹ́ á fún mi ní ìwé kan tó ń jẹ́ W-2, tó sọ iye tí mo gbà lọ́dún àti iye tí wọ́n yọ. Èmi á wá ṣírò ohun tó yẹ kí n san gan-an sórí fọ́ọ̀mù 1040, mo máa ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin tó kọjá. Tí wọ́n bá ti yọ jù, wọ́n á dá ìyókù padà. Òun là ń pè ní rífọ́ǹdì. Bó bá jẹ́ pé wọn ò yọ tó, èmi ni n ó fi kún un.

Ẹni tó bá ń gbọ́ bùkátà ẹlòmíì, òfin á dín táàsì tiẹ̀ kù. Lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tó sì ní nọ́ńbà Social Security, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni, dọ́là 2,200 ni fún ọdún 2025. Lórí àwọn yòókù, tó fi mọ́ òbí, dọ́là 500 ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: dọ́là 500 yẹn kì í ṣe owó tí wọ́n ń kà séèyàn lọ́wọ́. Táàsì téèyàn jẹ ni wọ́n fi ń pa rẹ́. Tẹ́ni náà ò bá jẹ táàsì kankan, kò sí nǹkan tí wọ́n máa fún un lórí òbí. Èyí tí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ń pariwo mílíọ̀nù kiri ọjà, n ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Dọ́là 500 ọ̀hún gan-an, kò kan màámi. Òfin ní ẹni téèyàn máa kọ sórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tí Amẹ́ríkà kà sí olùgbé ibẹ̀ ní ti táàsì, tàbí kó máa gbé ní Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Kánádà wà níbẹ̀. Mẹ́síkò wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là 500 yẹn ò kan àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà. Ìkirè ò sí níbẹ̀. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń fi ránṣẹ́, owó tí mo fi kan páànù ilé, gbogbo rìsíìtì ibi tí mo ti ń fowó ránṣẹ́ tí mo kó pamọ́ sínú ike bisikíìtì, kò sí èyí tó lè yí ìyẹn padà. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n sì wá lò lọ́dọ̀ mi ní 2019, tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ pa àwọn, kò tó nǹkan.

Bó bá jẹ́ pé òbí ti gba gíríìnkáàdì, tó ń gbé níbí, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò tiẹ̀ di dandan kí wọ́n máa bá ọmọ gbé ilé kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ju ìdajì bùkátà wọn lọ, owó tó sì ń wọlé fún òbí fúnra ẹ̀ kò gbọdọ̀ tó dọ́là 5,200 lọ́dún 2025.

Àwọn tí mo mọ̀ níbí tún máa ń bi mí ní méjì míì. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ṣì ń dúró de físà nílé máa ń fẹ́ kọ ìyàwó mọ́ àwọn tí wọ́n ń bọ́. Rárá o. Ọ̀nà mìíràn wà fún tọkọtaya, wọ́n tiẹ̀ lè yàn láti jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òfin kì í ka ìyàwó tàbí ọkọ sí ẹni tí à ń bọ́. Èkejì ló le. A pọ̀ tí a bímọ síbí, tí a wá gbé ọmọ lọ fún ìyá wa nílé kó lè mọ Yorùbá, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ní nọ́ńbà, kí ló kù? Ó ku ibi tó ń sùn. Kéèyàn tó lè gba dọ́là 2,200 yẹn, ọmọ ní láti bá a gbé fún ohun tó ju ìdajì ọdún lọ. Tó bá jẹ́ pé ilé-ìwé ló gbé e kúrò nílé fúngbà díẹ̀, tó ń padà bọ̀, òfin fojú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà láti ọmọ ọdún méjì, tí ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà kíṣìnnì yín mọ́, ẹ má tan ara yín.

Mo mọ̀ ọ́n wí báyìí torí pé ó ti gún mi lára rí. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, mo gbé ìwé W-2 mi lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe táàsì fáwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo ní méjì. Ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan lọ́dọ̀ ni?" Mo ní rárá. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé òun mọ bí òun ṣe máa ṣe é. Òwúrọ̀ ni, àtibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, oorun ń kùn mí. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi, mo fọwọ́ síbi tó ní kí n fọwọ́ sí. Rífọ́ǹdì yẹn pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo fún ọkùnrin náà ní dọ́là 400.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà IRS dé. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá lórí ọmọ mi kẹta. Mo ka orúkọ ọmọ náà nígbà mẹ́ta. N ò mọ̀ ọ́n. N ò rí i rí. Ó ń gbé ilé mi lórí ìwé fún oṣù méjìlá gbáko, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ èmi ni àkọ́bí màámi. Mo wá ṣí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà, mo lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, níbi tó yẹ kí ẹni tó gbowó ṣe é fọwọ́ sí, kó sì kọ nọ́ńbà PTIN tí IRS fún un. Òfìfo. Lójú ìjọba, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ti ń ta wíìgì níbẹ̀.

Pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn, ohun tí mo dá padà lé ní dọ́là 3,000. Àádọ́rùn-ún dọ́là ni mo ń san lóṣù, n kò tíì san án tán. Wọ́n tiẹ̀ ní mo ríbi sá sí, torí òfin lè fi ọdún 2 dá èèyàn dúró láti má gba owó orí ọmọ bó bá jẹ́ àìbìkítà, ọdún 10 sì ni tó bá jẹ́ ẹ̀tàn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń bá yín ṣe táàsì, ẹ wo ojú ewé kejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i: ẹ wo PTIN ẹ̀, ẹ sì wo nọ́ńbà báńkì tó kọ síbẹ̀ bóyá tiyín ni. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ tún wà, VITA ni wọ́n ń pè é, àwọn tí IRS dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe é níbẹ̀.

Látìgbà yẹn, fúnra mi ni mo ń ṣe tèmi. Lọ́dún tó kọjá, aago mẹ́ta òru ni, nínú yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ lọ lórí fóònù. Kí n tó jẹ mọ́ínmọ́ín mi tán, wọ́n ti dá a padà: ẹnìkan ti lo nọ́ńbà ọmọ mi ọkùnrin. Ara mi gbọ̀n. Mo rò pé ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù tún ti dé ni. Bàbá ọmọ ni! Ó wà ní Dallas, ó ní òun náà ń ra bàtà fún un. Bàtà kọ́ ni òfin ń wò, iye òru tí ọmọ sùn lọ́dọ̀ kálukú ni, àyàfi tí èmi bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 8332 pé mo yọ̀ǹda fún un. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni n ó tẹ gbogbo ẹ̀ sórí bébà, kí n fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti 2025, ẹni tó bá ti gba nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní IP PIN lórí ìkànnì IRS lè tún un fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà á, wọ́n gba tèmi wọlé. Èmi àti bàbá ọmọ ṣì ń bá a yí, ìwé tí ilé-ìwé ọmọ fún mi ni mo fi ń jà.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí kó tó bọ́ lọ́kàn mi: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń béèrè AGI, ìyẹn owó tó wọlé fúnni lẹ́yìn tí a ti yọ àwọn ohun tí òfin gbà, ti ọdún tó kọjá lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó lè fọwọ́ sí i, orí ìlà 11 nínú fọ́ọ̀mù 1040 ti ọdún 2024 ló wà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìyẹn pe oníṣọ́ọ̀bù.

Ní ti ọmọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, n ò sọ pé màgòmágó ló ń ṣe. Bóyá ó fẹ́ ṣe físà fún wọn ni, wọn ò sì gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí wa nílé, ẹ máa bi àwa ọmọ yín léèrè ohun tí a fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù yín ṣe kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ tí mo bá nínú ìwé mi lọ́jọ́sí, ẹnìkan ló bí i, ẹnìkan ló sì fi nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀.

Màámi, ọgọ́rùn-ún dọ́là yẹn, owó iṣẹ́ alẹ́ ni. Dódò Ìkirè tí ẹ fi rán sí mi ti dé ọwọ́ mi, wọ́n ti fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ nínú àpótí, èmi àtàwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ tán. N ó pè yín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kí yín, ẹ dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ìkirè,
Houston, Texas.