Lẹ́tà sí Ràfíù lórí ilẹ̀pa Kétu

Ràfíù ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Lanzhou ní Ṣáínà o. Ọyẹ́ ti dé sí Àjàṣẹ́, ètè gbogbo wa ti ń là. Ìyá wa ń kí ọ. Sìkírátù ti bímọ, obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti ògiri ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ yọ lẹ́bàá títì Kétu. Àbúrò rẹ yẹn ń sọ kiri pé eruku ọyẹ́ ló kó gbogbo rẹ̀ jọ, bíi ti ilẹ̀ eruku tí afẹ́fẹ́ kó jọ lọ́dọ̀ yín. Kò rí bẹ́ẹ̀! Eruku tó ń ti Bodélé ní Ṣáàdì wá, láti ìsàlẹ̀ adágún ńlá tó ti gbẹ, ń dà sórí wa lóòótọ́, àmọ́ òjò àti gbòǹgbò ti pò ó mọ́ ilẹ̀. Tiyín ló tò ní ìpele-ìpele láti bíi mílíọ̀nù 2.6 ọdún.

Ó tún fẹ́ fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, bí mágnẹ́ẹ̀tì ṣe ń fà á tó, mọ ìgbà òjò. Lọ́dọ̀ yín, ìpele pupa máa ń ní in ju eruku lásán lọ, torí irin wẹ́wẹ́ ń hù nínú ilẹ̀ ọlọ́rinrin. Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá dúró pẹ́, irin yẹn á yòrò, òǹkà á wálẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọ̀dá ló dá.

Èyí tó burú jù: ṣọ́bìrì àti àpò ìrẹsì ló fẹ́ fi bu ilẹ̀ tí a ó fi mọ ọjọ́ orí ògiri náà, lọ́sàn-án gangan! Iyanrìn kúáásì, ẹyọ iyanrìn líle tó ń dán bíi gíláàsì, ló ń pa iye ọdún tó ti wà lókùnkùn mọ́. Oòrùn ìṣẹ́jú díẹ̀ á pa á rẹ́. Páìpù irin ni kó lò, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5, gígùn 25. Kó ha ojú ògiri kúrò ná, kó fi òòlù gbá a wọlé títí yóò fi kún dẹ́dẹ́. Bó bá ṣófo, iyanrìn etí tí oòrùn ti rí á mì wọ àárín. Kó dí i lẹ́nu méjèèjì, kó fi ọ̀rá dúdú wé e. Kó bu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ká lè mọ omi inú rẹ̀: omi ń gba ìtànṣán inú ilẹ̀ (kì í ṣe ti oòrùn), èyí tí a fi ń ka ọdún, mọ́ iyanrìn lọ́wọ́, bí a bá ṣírò ilẹ̀ tútù bíi gbígbẹ, ọjọ́ orí á kéré jù. Kó sì jìnnà sí ọ̀gán. Ikán ń gbé iyanrìn àtijọ́ sókè, tòní sì ń jábọ́ sínú ihò rẹ̀.

Dákun, katakata àwọn tó ń wa ilẹ̀ ọ̀nà ti súnmọ́ ògiri náà. Bá mi bi ọ̀gá yín bóyá wọ́n á gba páìpù mẹ́ta. Ẹrẹ̀ adágún Sélé ti fi hàn pé igbó gúúsù Benin wa já, tí ọ̀dàn gba ipò rẹ̀, ní bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn. Mo fẹ́ mọ̀ bí Kétu á bá a sọ ohùn kan. Má sọ fún àbúrò yẹn pé èmi ni mo kọ̀wé. O mọ ọ̀rọ̀ wa.

WhatsApp ni kó o fi dá mi lóhùn.

Múfútáù