Onílé Orí Tábìlì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Èmi ló kàn láti kọ̀wé, mo mọ̀, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èébú. Mo ti di onílé ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gidi! Àmọ́ orí tábìlì ló wà, tí mo bá sì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ga ju òrùlé lọ.

Àbúrò mi ló ra páálí ilé kékeré tí èèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò yìí fún mi, ó ní fóònù tí mo ń tẹjú mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ máa fọ́ mi lójú. Mo ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ìgbà tí mo tú u sílẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe tọmọdé: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ti gé sílẹ̀, ègé aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, wáyà, bébà tí èèyàn máa ká di ìwé orí pẹpẹ, gílóòbù tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ohun tó bá gùn ní ínṣì 24 lọ́dọ̀ tiwa, ínṣì 1 péré ni lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 6 wá di ínṣì 3. Ìwọ tí gbogbo àtẹ́rígbà ti mọ iwájú orí rẹ̀, ibí ò lè gbà ọ́ rárá.

Mo ti ba fèrèsé kan jẹ́. Gọ́ọ̀mù tó ń gan wéré ni mo fi lẹ̀ ẹ́, àṣé èéfín rẹ̀ máa ń mú kí ike tó mọ́ gaara ṣú funfun bí ojú tí kò ríran mọ́. Gọ́ọ̀mù funfun tó ń pẹ́ gbẹ ló yẹ. Iná náà kọ́kọ́ kọ̀, kò tàn. Mo ti so wáyà rẹ̀ lódìkejì mọ́ bátìrì, irú gílóòbù yẹn ò sì gba ìsokúso. Wọ́n ní kéèyàn dán iná wò kó tó lẹ òrùlé. Èmi lẹ òrùlé tán kí n tó dán an wò. O ṣáà mọ̀ mí. Bàbá Títí ń bi mí ọjọ́ tí a máa ṣílé, kí òun lè tètè rán aṣọ.

Irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún Ọbabìnrin Mary, ìyàwó Ọba George Karùn-ún, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1921 sí 1924, tó wà ní ààfin Windsor títí dòní, wọ́n ṣe é kí omi lè yọ nínú ẹ̀rọ rẹ̀, kí iná sì tàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ọ pọ̀ lọ súà. Èmi nìkan ni mo wà nídìí tèmi, èmi àti ẹ̀mú kékeré kan.

Ẹ̀mú yẹn gan-an ló tú àṣírí. Àga kan ni mo ń tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju igi ìtayín lọ. Méjì ti dúró. Mo fi ẹ̀mú mú ẹ̀kẹta, mo fi gọ́ọ̀mù kán an lórí, bí mo ṣe ń sún un lọ síbi ihò rẹ̀ báyìí ni ẹsẹ̀ àga bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo wo fèrèsé, bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ó wà ní títì. Mo gbé ẹ̀mú kalẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé itan. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni. Kò dáwọ́ jíjó dúró.

O rántí bí Màámi ṣe máa ń di ife mú. O rántí.

Títí ti bí ọkùnrin, ara ìyá àtọmọ le. Mo ti yọ eyín burúkú yẹn. Ìyàwó ọ̀gá wa àtijọ́ ti kó padà sílé ọkọ, mo máa rò ó fún ọ lẹ́nu, kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n rò pé àga ló ń yọ mí lẹ́nu. Dókítà ní kí n wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Jọ̀ọ́, pè mí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Má bi mí nípa ọwọ́. Bú mi nítorí lẹ́tà tó pẹ́, kí n fi rẹ́rìn-ín wọlé.

Àga náà ti dúró. Ọwọ́ òsì ni mo fi lẹ ẹsẹ̀ tó kù, ó wọ́ díẹ̀. Ibùsùn kan ni wọ́n ní kí n tò sókè. Mo gé pákó tó ṣẹ́kù, mo fi kan ìkejì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tó o máa ń fẹ́.

Èmi ni,
Àdùnní rẹ