Ẹ̀sùn lórí Iye Owó Fọ́tò: Ọ̀tọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì, Ọ̀tọ̀ Nínú Ṣọ́ọ̀bù

Sí Alákòóso Àgbà,

Mo kọ̀wé yìí láti fẹjọ́ sùn yín nípa owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní ẹ̀ka yín kan ní Ìbàdàn. Ọgọ́ta fọ́tò ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún bàbá mi ni mo gbé lọ fọ̀, gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n ínṣì 4×6 lórí bébà dídán. ₦250 ni ẹ kọ sí ẹyọ kan lórí ìkànnì yín, ṣùgbọ́n ₦400 ni wọ́n gbà ní káńtà, tí ohun tó yẹ kó jẹ́ ₦15,000 fi di ₦24,000. Ẹ̀dà risíìtì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ká ní ibòmíràn ni fọ́tò tí ènìyàn fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń jáde, tàbí pé bébà rẹ̀ fúyẹ́ ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, n kì bá tí yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mò ń dúró de tèmi, ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé wá gba fọ́tò tó ti orí fóònù fi ránṣẹ́. Inú ẹ̀rọ kan náà lẹ́yìn káńtà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, lórí bébà kan náà, ₦250 ló sì san lórí ẹyọ kan. Nígbà tí mo béèrè, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé bí wọ́n ṣe pàṣẹ rẹ̀ fún àwọn láti òkè nìyẹn. N kò bá a wí, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn.

Kí wá ni ₦150 tó lé yìí dúró fún? Kì í ṣe owó gbígbé ọjà lọ sílé, nítorí ọ̀dọ́kùnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbà á ni. Kì í ṣe owó orí ọjà VAT, nítorí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦250 kò tilẹ̀ pé ₦19. Kì í sì í ṣe owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yín, torí èmi fúnra mi ni mo fi ìka yan fọ́tò lójú ẹ̀rọ, tí mo sì gé etí wọn. Àwọn tí ẹ ń gba owó yìí lọ́wọ́ wọn ni àgbàlagbà tí kò mọ fóònù lò dáadáa, àti ẹni tó gbé mẹ́mọ́rì káàdì wá nítorí pé fáìlì kámẹ́rà rẹ̀ wúwo ju dátà tó lè rà lọ.

Abala 115 nínú òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba iye tó ju èyí tó fi hàn lọ, àti pé bí iye tó fi hàn bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó kéré jù ni oníbàárà yóò san. Ìkànnì yín kò sọ pé iye káńtà yàtọ̀. Ìwé tí ẹ kọ ₦400 sí sì wà lẹ́yìn àwọn férémù, níbi tí ojú kò ti tètè rí i. Agbẹjọ́rò yín lè ní àlàyé mìíràn, ṣùgbọ́n bí èmi ṣe lóye òfin náà nìyẹn.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá ₦9,000 padà fún mi, kí ẹ sì kọ iye méjèèjì síbi tí oníbàárà yóò ti rí wọn kó tó sanwó, bí ẹ kò bá fẹ́ sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí n kò bá rí èsì yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, ni n óò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Ìbàdàn