Ẹ̀rí nìkan kò tó nínú àròkọ àwọn ọmọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí àròkọ alárìíyànjiyàn, pàápàá bí a ṣe ń kọ́ ọ fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára.

Ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ni ìlànà ìpínrọ̀ márùn-ún: ìfáárà kan, ìdí mẹ́ta, ìgúnlẹ̀ kan. Ọmọ á kọ ọ́, ìpínrọ̀ á pé, olùkọ́ á fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ka inú rẹ̀ wò. Ọmọ sọ èrò rẹ̀, ó wá ẹ̀rí lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Kò sọ ohun tó so ẹ̀rí náà pọ̀ mọ́ èrò rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà la sì máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọlé kan tí àwọn ọmọ fẹ́ràn: ǹjẹ́ ó yẹ kí ilé-ìwé tètè máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀? Ọmọ kan á ní kò yẹ, torí pé ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí ilé-ìwé àwọn ọ̀dọ́langba má ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ̀rí gidi ni. Àmọ́ ẹni tí kò gbà lè fèsì pé, “Ẹ ní kí wọ́n tètè lọ sùn!” Ẹnu ọmọ á wọhò, àfi tó bá lè ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ti ń bàlágà, oorun kì í tètè kùn ún lálẹ́ mọ́ bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. Bó bá tètè dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ lè là sílẹ̀ síbẹ̀, àárọ̀ ló sì ti máa rí oorun tó kù sùn. Àlàyé yìí ló gbé àbá àwọn dókítà náà ró. Láìsí i, orúkọ ńlá lásán ni ọmọ náà pè.

Láti ọdún 1958 ni Stephen Toulmin, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Bírítéènì, ti ya ohun tí a sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí tí a gbé e lé, tó sì ya òye tó so méjèèjì pọ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún méjìlá kò nílò orúkọ tó sọ wọ́n. Ìbéèrè kan péré ló nílò: “Báwo lèyí ṣe fi hàn pé òótọ́ lo sọ?” Kí olùkọ́ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀, kó má sì bá a dáhùn. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni kí ọmọ máa kọ fún ìgbà díẹ̀, kó máa tún un kọ títí ìdáhùn á fi hàn nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kíláàsì kún, ìdánwò sì ń lé wa. Àmọ́ ìpínrọ̀ kan yá kà ju márùn-ún lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2010, kíláàsì keje ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́nu ba èrò ẹni tó takò ó. Nínú ìwé, mo gbà. Lẹ́nu, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. “Àwọn kan lè sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n” ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ, wọ́n á sì rò pé àwọn ti fèsì. Ẹ ní kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí òbí tó gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní aago méje: ta ni yóò dúró ti ọmọ rẹ̀ títí ilé-ìwé á fi ṣí? Kó sọ ọ́ débi tí òbí náà á fi ní, “Ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyẹn.” Ìgbà yẹn ni kó tó dáhùn.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ ya igun kékeré sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún ìpínrọ̀ méjì láti ọwọ́ àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí, kí ọ̀kan gbè, kí èkejì takò ó, lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ tó bá mọ̀ pé àjèjì máa ka ọ̀rọ̀ òun á ṣàlàyé ohun tí kò ní ṣàlàyé fún olùkọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè kan